Odò Olókùúta

Ìwé kan wà nínú àpótí ìyá àgbà,
a ká a sí mẹ́rin, eku ti bu etí rẹ̀ jẹ.
Bàbá àgbà ló fi pẹ́ńsù yà á
lálẹ́ ọyẹ́ kan ní Búkúrù,
nígbà tí òtútù ń bu ènìyàn níka jẹ,
tí òun nìkan wọ síńgílẹ́ẹ̀tì,
tó ní, "Ẹ ò tíì rí òtútù."

Abúlé rẹ̀ ni, ní Jámánì. Ṣítáínbáàkì.
Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò rí i pè;
ó bi í ní ìtumọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Odò Olókùúta.
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ́ wa lẹ́nu.

Ilé mọ́kàndínlógún. Mo ti kà wọ́n títí.
Ṣọ́ọ̀ṣì tí orí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́.
Ilé oníbúrẹ́dì: ó ya èéfín lé e lórí.
Ọlọ kan tí omi ń yí.
Igi mẹ́ta lẹ́yìnkùlé wọn, èso wọn jọ awùsá,
ṣùgbọ́n ó ní èèyàn lè mu omi lé tiwọn
kí omi náà má korò.

Bí àwọn ará Ọ̀fà bá bẹ̀ wá wò,
wọn a ki ìyá àgbà títí orí rẹ̀ a wú.
Wọn a wá kọjú sí bàbá àgbà,
ẹnu wọn a wọlẹ̀.
Ìyá àgbà a gbà á lẹ́nu wọn:
"Ọ́tímà, ọmọ Odò Olókùúta,
ọmọ awùsá tí kì í ba omi jẹ́,
a-fi-síńgílẹ́ẹ̀tì-pàdé-ọyẹ́."
Ọkùnrin náà a wolẹ̀
bí ẹni tí wọ́n dúpẹ́ gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìwakùsà ló ń wà.
Ó ga ju ilé alájà méjì lọ,
ó ń bu ilẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń bu ẹ̀kọ;
ibi tó bù, òjò kún un.

Ogun abẹ́lé parí, lẹ́tà dé
láti ọwọ́ Ìmígádì, àbúrò rẹ̀ obìnrin.
Èdú ni wọ́n rí lábẹ́ Odò Olókùúta.
Ìjọba ti ra ilé mọ́kàndínlógún.
Wọ́n ti hú òkú ìyá wọn, wọ́n tún un sin sí ìlú onílùú.
Ẹ̀rọ wọlé láàárọ̀ Ọjọ́rú.
Kò sọ nǹkan kan nípa awùsá.

Bàbá àgbà kò sunkún.
Ó mú lẹ́tà náà lọ bá Chólóm,
Bíróòmù tó ń gbin ọ̀dùnkún òyìnbó lódì kejì ọgbà oró,
ó fi Haúsá sọ fún un pé wọ́n ti gbẹ́ ìlú òun.
Chólóm kò kí i kú ìrójú.
Ó fi àgbọ̀n juwe adágún:
"Agboolé bàbá mi wà lábẹ́ omi yẹn.
Ẹ̀rọ tìẹ ni.
Mo rí ọ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, o ń súfèé."

Lẹ́yìn náà, ó ti ọ̀dùnkún méjì sínú eérú gbígbóná.
Iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ìyá àgbà ní kò gun ẹ̀rọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.
Bàbá mi ní irọ́ ni,
pé orí ẹ̀rọ yẹn lowó ilé ìwé òun ti wá.

Èmi ti wà ní Kúbwà, l'Ábújá, báyìí,
níbi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè ìlú baba ẹni.
Mo kọ Búkúrù, wọ́n dá a padà.
Mo kọ Ọ̀fà, wọ́n ní ti ìyá àgbà nìyẹn.
Mo bá lọ tú àpótí.

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi tẹ́ ìwé náà sílẹ̀,
ó mú pẹ́ńsù, kí n tó dé ibẹ̀
ó ti ya adágún róbótó kan
sáàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ọlọ,
ó fi pẹ́pẹ́yẹ sí i.
Mo na ọwọ́ kí n gbà á.
"Ó kù ẹsẹ̀," ó ní.
Mo dúró kó ya ẹsẹ̀ náà.